Ìgò Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Mo ṣí páálí pépà lítímọ́ọ̀sì, èyí tí a fi ń dá ásíìdì àti béèsì mọ̀, láàárọ̀ yìí, mo bá a tó rin gbindin. Òrùlé ti ń jò sórí pẹpẹ náà láti ìgbà òjò, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Pépà tó yẹ kó jẹ́ oríṣi méjì ti di oríṣi kan, àwọ̀ ẹrẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí ìdánwò àfọwọ́ṣe tó dé, akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógójì ló sì wà lọ́rùn mi. Mo lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Ó ní kò sí pépà mìíràn títí di sáà tó ń bọ̀. Mo ní tó bá di sáà tó ń bọ̀, àwọn ọmọ yìí á ti lọ. Ó ní, "Ìwọ lo ka kẹ́mísírì. Ìtàn lèmi kà. Wá nǹkan ṣe sí i." Ọdún kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn.

Bàbá Ìgò ló wá nǹkan ṣe sí i. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń fọ ìgò ní láàbù wa. Ó fà mí lọ sí ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ àwọn olùkọ́, ó nawọ́ sí òdòdó pupa tó fara ti ọgbà. "Ẹ sè é, Tíṣà. Ẹni tó wà níbí kí ẹ tó dé máa ń sè é nígbà tí nǹkan bá lọ́." A sè é, a sẹ́ ẹ. A kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó pupa fòò. A kán omi ọṣẹ sí i, ó di àwọ̀ ewé. Bàbá Ìgò pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Mo ti lo gbogbo oògùn òní. Oṣù kẹta rèé. N kò húkọ́ láti àárọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, òtútù àyà ni mo sọ fún wọn, òtútù àyà náà ni yóò sì jẹ́ títí n ó fi parí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo ní kí olúkúlùkù gbé omi kan wá láti ilé, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, kí ẹnikẹ́ni má sì lo ìgò ohun mímu. Méjìdínlógójì ìgò ló tò sórí tábìlì: fínígà, ọṣẹ irun, sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, oògùn inú rírun, tíì àná. Ẹnì kan gbé omi bátìrì wá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó. Ẹnì kan gbé ife kan wá tó kọ "omi eyín bàbá àgbà" sí lára. Mo bi í bóyá bàbá àgbà mọ̀ pé ife eyín àtọwọ́dá òun ti kúrò nílé. "Sà, wọ́n ṣì ń wá a." Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí kíláàsì tó dákẹ́.

Ọmọ Alágbàfọ̀ ló gbé omi eérú wá nínú ìgò oògùn tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ̀ fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ funfun. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá rí nǹkan, tó bá sì rí i, kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣàfikún. Ó kán omi òdòdó sí tirẹ̀. "Àwọ̀ ewé, sà." Mo wò ó. Lójú mi, ewé náà ti rọ. Bóyá òdòdó ẹ̀yìn ọgbà ti gbó jù.

Ẹ̀kọ́ tó dáa. Ó ti pẹ́ tí mo kọ ìyẹn sínú ìwé yìí gbẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Eruku bo gbogbo nǹkan. Ọ̀gá Àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé àga mi lo fẹ́ gbà ni?" Ó tú ìwé àwọn ọmọ sílẹ̀ níwájú mi. Níbi tiwa, òun nìkan ló ń lo bírò aláwọ̀ ewé. Pupa ni tàwa yòókù. Mo ti fi àwọ̀ ewé máàkì odindi kíláàsì kan. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyàwó mi ló ra bírò.

Ìyàwó mi kò ra bírò kankan.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Ìyàwó mi rán mi ní ata tó pọ́n. Mo ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó tú u sínú abọ́, ó wo abọ́, ó wò mí. "Bàbá ilé, ṣé ẹ bá aláta jà ni? Kò sí ẹyọ kan tó pọ́n níbí." Mo ní obìnrin náà rẹ́ mi jẹ.

Irọ́ kejì láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé iye rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kò lè retí ojú ọmọdé. Awò mi ti dọ̀tí, eruku sì pọ̀. Mo fọ awò náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kejì

Ìdánwò ti abẹ́lé di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a ti máa ń ṣe é náà ni: Bàbá Ìgò nìkan ni yóò rọ omi sínú ìgò mẹ́fà, òun nìkan ni yóò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, n ó kọ ohun tí mo rí, n ó fi í sínú àpò ìwé, n ó sì lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ. Ohun tí olùkọ́ bá rí ni òdiwọ̀n. Ẹni tó bá hùmọ̀ èsì tí kò rí, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú àwọn tí a máa forúkọ wọn ránṣẹ́ fún ìdánwò ńlá. Èmi ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a lè fi orúkọ ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejì

Mo fi omi òdòdó yẹ ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Èkíní, pupa. Èkejì, ewé. Ẹ̀kẹta, pupa. Ẹ̀kẹrin, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo tún gbé e padà wá. Pupa. Ìkarùn-ún, ewé. Ẹ̀kẹfà, pupa. Mo lẹ àpò ìwé, mo fi í sí dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kejì

Ọjọ́ ìdánwò abẹ́lé. Mo ń rìn láàárín tábìlì. Ọmọ Alágbàfọ̀ nawọ́ sókè. Ó ń fi ìka méjì ra ara wọn.

"Sà, ti ìgò kẹrin yìí ń yọ̀ lọ́wọ́."

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Ó kán sí mi lọ́wọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ó ń yọ̀."

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì fi ojú ṣiṣẹ́. Ojú ni ìdánwò yìí fẹ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹnì kan pè é ní Ìyá Olóòótọ́. Mo ní kí wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Mo jókòó ti ìwé wọn láti aago mẹ́ta. Mẹ́tàdínlógójì bá tèmi mu láti ìgò kìíní dé ìkẹfà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Mo rò pé òdòdó ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ti ṣe ohun tí pépà ìlú òyìnbó kò ṣe. Inú mi dùn fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ìgò kẹrin: "Àwọ̀ ewé. Béèsì. Ó ń yọ̀ bí omi eérú." Mo sọ fún un pé kó fi ojú ṣiṣẹ́, ó lọ hùmọ̀ àwọ̀ láti fi gbe ìka rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, n kì bá tí bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́, mo kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: *Irọ́ ni.* Mo fa orúkọ rẹ̀ lé Ọ̀gá Àgbà lọ́wọ́ kí n tó lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kejì

Níwájú gbogbo kíláàsì ni mo ti pe orúkọ rẹ̀, tí mo sì pè é ní òpùrọ́. Ìyá rẹ̀ dé lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ dé ọrùn ọwọ́ bí aṣọ tí wọn kò sá dáadáa. Ó kí wa, kò jókòó.

"Ọmọ mi ò mọ irọ́ pa. Ìyà ti jẹ ẹ́ rí nílé tìtorí ẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà ní, "Màmá, ẹni mẹ́tàdínlógójì rí pupa."

"Ojú ẹni mẹ́tàdínlógójì kì í ṣe ojú ọmọ mi."

Ọ̀gá Àgbà gbé ìwé ìdánwò náà sókè, ó wò ó pẹ́. Ó wò mí. Ó tún wo ìwé náà. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó dá a padà fún ọmọ náà, ó sì fa ìlà lé orúkọ rẹ̀ lórí. Ọmọ náà ká ìwé ọ̀hún sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò aṣọ rẹ̀. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Sà, ohun tí mo rí ni mo kọ."

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Èmi àti Bàbá Ìgò ń fọ ìgò. Ó ń ha ìdí ọ̀kan pẹ̀lú igi. Ó ní, "Eérú yìí ti lẹ̀ pin-pin."

Mo ní, "Eérú wo?"

"Ti ìgò kẹrin. Èyí tí ọmọ alágbàfọ̀ gbé wá níjọ́sí tó ṣẹ́kù ni mo rọ sí i. Ẹ ní kí n má fi nǹkan ṣòfò."

Omi ẹ̀rọ ń dà. Mo ti ẹnu ẹ̀rọ pa.

"Àwọ̀ wo ló mú wá?"

Ó dojú kọ ilẹ̀. "Àwọ̀ ewé ni, Tíṣà."

"O rí i?"

"Mo rí i. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Tíṣà, ta ni afọgò tí yóò sọ fún oníkẹ́mísírì pé ewé kì í ṣe pupa? Mo ní bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tí ìwé nìkan mọ̀."

Mo ní kó po túùbù mẹ́fà, mẹ́ta ásíìdì tí kò rùn, mẹ́ta omi eérú, kó pò wọ́n rú, kí n sọ àwọ̀ wọn. Mo gba mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ẹni tó di ojú rẹ̀ tó sì ń méfò náà á gba mẹ́ta. A tún un ṣe. Méjì.

Mo ronú sí ìgò márùn-ún yòókù tí mo gbà ní ọjọ́ yẹn. Fínígà ń rùn. Ọṣẹ ń hó. Ọsàn ní òórùn tirẹ̀. Imú mi ló ti ń bá mi ka àwọ̀ láti ọjọ́ yìí, mo sì ń pè é ní ojú. Omi eérú kò rùn, kò sì hó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ilé ìwòsàn àyà. Mo wà lórí ìlà láti aago méje. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan tí wọ́n fi ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké ya òǹkà sínú rẹ̀. Ó ní kí n kà. Mo ka ojú ewé kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kán ni mo ń rí, n kò rí òǹkà.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Bóyá oṣù kan."

"Mo sọ fún yín ní ọjọ́ tí ẹ gba oògùn. Mo ní ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí a máa mú ojú, bí ẹ bá ti rí ìyàtọ̀, kẹ́ ẹ sáré wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi."

Òótọ́ ni. Ó wà nínú ìwé yìí, oṣù Kọkànlá, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́ gaara.

Wọ́n dá oògùn kan dúró. Dókítà ní àwọ̀ lè padà láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè má padà. Kò fi ẹnu dídùn sọ ọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ata yẹn."

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Ohun tó yẹ kí n ti rò ní ọjọ́ Ajé, òní ló tó yé mi. Bí omi ìgò kẹrin bá jẹ́ àwọ̀ ewé, báwo ni ẹni mẹ́tàdínlógójì tí ojú wọn dá ṣáká ṣe rí pupa?

Mo pe olórí kíláàsì sí láàbù, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìgò kẹrin. Àwọ̀ wo lo rí?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn ṣì wà níbẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Àwọ̀ wo?"

"Ewé, sà."

"Kí lo kọ?"

"Pupa, sà. Dúrọ́ọ̀ yín ò tì dáadáa, sà, ó ti pẹ́. A fi ooru omi gbígbóná ṣí àpò ìwé yẹn, a sì lẹ̀ ẹ́ padà."

"O rí ewé, o kọ pupa."

"Pupa lẹ̀yin kọ, sà." Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu gidi, bí ẹni tí mo ń bi ní ìbéèrè tí kò ní orí. "Ṣé àwa la máa mọ̀ ọ́n jù yín ni?"

"Òun ńkọ́?"

"Ìyá Olóòótọ́? A fún un, kò gbà. Ó ní òun fẹ́ wo tòun."

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Àgbà: ojú, oògùn, orúkọ àìsàn tí oògùn náà wà fún, dúrọ́ọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ àìsàn náà. Mo ní ó ti lé ní oṣù méjì tí ikọ́ ife mi kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ̀. Kò fa àga náà padà síwájú.

"Jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ bí ìwọ ti máa ń ṣírò," ló wí. "Tí mo bá dá ọmọ kan yìí padà, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Tí mo bá sọ ìdí, mẹ́tàdínlógójì ti jí ìdáhùn wò. Òfin tìrẹ náà ni yóò yọ wọ́n. Ṣé kíláàsì oníkan lo fẹ́ kí n forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́?"

"Wọ́n lè tún un ṣe."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ọ̀rẹ́ mi. Àwọn òbí á béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Ṣé kí n sọ fún wọn pé olùkọ́ kẹ́mísírì wa kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé? Ọdún méjì ló kù fún ẹ. Lọ sinmi. Ọmọ yẹn á ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo jáde. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mo bá a jiyàn. N kò bá a jiyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí ilé alágbàfọ̀. Aṣọ funfun ló kún orí okùn láti ògiri dé ògiri, èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó lè kọjá. Ìyá náà dojú garawa kan bolẹ̀ fún mi pé kí n jókòó. Ọmọ náà wà nídìí ọpọ́n ńlá, ó ń fún bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, kò gbójú sókè.

Mo ní mo ti mọ̀ pé òótọ́ ló kọ. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì.

Ìyá náà nu ọwọ́. "Tíṣà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti pè é ní òpùrọ́?"

"Ní kíláàsì."

"Ẹ ò pè é níbí. Kí la fẹ́ fi àforíjì ẹ̀yìn ilé ṣe? Aṣọ onílé-onílé ló ń gbọ́ yín níbí. Ibi tí ẹ ti bú u ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́."

Mo ní Ọ̀gá Àgbà kò gbà.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ gbà?" Ó gbé aṣọ kan sá sórí okùn, ó ní, "Àǹtí rẹ̀ kan ń ránṣọ. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò lè máa wò ó kó jókòó. Lọ́dún tó ń bọ̀, àbúrò rẹ̀ ló kàn láti lọ sílé ẹ̀kọ́ girama, kì í ṣe òun."

Kò sí ọdún tó ń bọ̀, nígbà náà. Mo dìde. Aṣọ kan nù mí lójú bí mo ti ń jáde, ó tutù nini. Eérú ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Kò rùn rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Kò rùn rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lórí mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, àná ni mo sì rántí Ọ̀gá Imú. Ní yunifásítì, a ní ọmọ kíláàsì kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ásíìdì àti béèsì, a sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wa rín in. Àlùbọ́sà kì í yí àwọ̀ padà. Òórùn rẹ̀ ló ń kú.

Àná náà ni mo gé e wẹ́wẹ́ (ó ti wọ́n lọ́jà, mẹ́ta péré ni mo rà), mo pa á mọ́ àkísà funfun nínú ọ̀rá, mo dì í pa di àárọ̀ yìí. Mo ní kí Bàbá Ìgò tún pò wọ́n rú. Mo di ojú. Mo rẹ àkísà sínú túùbù, mo ṣàn án nínú omi, mo gbóòórùn rẹ̀. Níbi tí ásíìdì wà, àlùbọ́sà. Níbi tí béèsì wà, òórùn rẹ̀ ti lọ.

Mẹ́fà nínú mẹ́fà. A tún un ṣe. Mẹ́fà. Bàbá Ìgò náà di ojú tirẹ̀, òun náà gba mẹ́fà. "Kì í ṣe ojú ló ń ríran nìkan, àṣé!" Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín nínú láàbù yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo gbé ìgò mẹ́fà àti àkísà alálùbọ́sà lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà, pẹ̀lú lẹ́tà méjì. Mo ní kó di ojú. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní kó dì í, nítorí ọdún mẹ́tàlélógún tí a ti jọ ń jẹun pọ̀.

Mo gbé àkísà ìgò kẹta sí i nímú. "Àlùbọ́sà." Mo gbé ti ìgò kẹrin sí i nímú. Ó fa imú, ó tún fà á. "Kò sí nǹkan kan níbí."

"Òun nìyẹn. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyẹn. Ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n láìlojú."

Ó ṣí ojú. Mo tẹ́ lẹ́tà méjì síwájú rẹ̀. Èkíní ń lọ sí ọ́fíìsì ìdánwò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èkejì ni ìwé tí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo dárúkọ àìsàn mi sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ní ilé ẹ̀kọ́ ló fi í pamọ́. Mo ní kó mú ọ̀kan. Bó bá mú èkejì, gbogbo ọmọ méjìdínlógójì á tún ìdánwò ṣe láàárọ̀ ọ̀la, níwájú òun fúnra rẹ̀, láìsí àpò ìwé kankan: àwọ̀ àti òórùn, méjèèjì. Ẹni tó bá yege, a fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó lè sọ fún àwọn òbí pé nítorí ojú mi ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ó fi áńkáṣíìfù nu imú. "O mọ̀ pé ọdún méjì péré ló kù fún ẹ kí o gba owó ìfẹ̀yìntì tó pé."

"Mo lè kà á. Òǹkà ò tíì kúrò lójú mi."

Ó mú èkejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìdájí. Ọmọ Alágbàfọ̀ wá. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó dúró síbẹ̀.

Mo dúró níwájú wọn. Mo ní: "Ìgò kẹrin, àwọ̀ ewé ni. Ojú mi ni kò rí i. Mo pe ọmọ kan ní òpùrọ́ níwájú yín. Òun nìkan ló sọ òótọ́ nínú gbogbo wa, èmi náà wà nínú 'wa' yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́." Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan pé òun gbọ́, ó sì lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn rùn bí ilé ìdáná títí di aago méjìlá. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń rìn láàárín tábìlì pẹ̀lú áńkáṣíìfù nímú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n yege. Méje kò yege. Olórí kíláàsì wà lára àwọn tó yege. Ọmọ onífe eyín wà lára àwọn tí kò yege. Ó wá bá mi, ó ní, "Sà, tí ẹ bá ti jẹ́ kó wà bó ṣe wà, mi ò bá ti yege." Òótọ́ ni ó sọ.

Ọmọ Alágbàfọ̀ gba mẹ́fà nínú mẹ́fà. Orúkọ lọ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mo fa kọ́kọ́rọ́ láàbù lé olùkọ́ tuntun lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó kàwé dáadáa. Mo sọ fún un pé kó pààrọ̀ àgádágodo dúrọ́ọ̀. Àwọn olùkọ́ kí mi pé ó dàbọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ìgò nìkan ló bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Wọ́n tún fi ìwé ẹ̀kán àwọ̀ yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá: mo ka ojú ewé méjì. Níjọ́sí, ọ̀kan ni. Nọ́ọ̀sì ní kí n má tíì yọ̀.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe. N kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo dúró lódì kejì ọ̀nà lábẹ́ ìbòòji, láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi jáde. Àwọn ọmọ ń kí mi láti òkèèrè. Àwọn kan kò kí mi.

Ọmọ Alágbàfọ̀ jáde gbẹ̀yìn. Ó rí mi, ó rò ó díẹ̀, ó sọdá. Ó kí mi lóòró.

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Mo kọ ohun tí mo rí, sà."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. "Màmá mi ní kí n dá a padà fún yín. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ nílé."

Mo ṣí i. Ìwé ìdánwò ti oṣù Kejì ni. Ìkọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀: *Àwọ̀ ewé. Béèsì.* Tèmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gàdàgbà: *Irọ́ ni.* Mo gbé e sí oòrùn. Tirẹ̀ dúdú. Tèmi kò fi ara rẹ̀ hàn mí, ó kàn dà bí àwọ̀ ẹrẹ̀. Mo rántí bí Ọ̀gá Àgbà ṣe gbé e sókè tó wò ó pẹ́, tó wá wò mí, tí kò sọ̀rọ̀.

Mo bi í pé, "Bírò àwọ̀ wo ni mo fi kọ ọ́?"

Ó ti yíjú, ó fẹ́ máa lọ. Ó dúró.

"Àwọ̀ ewé ni, sà," ló wí. "Gbogbo wa la rí i."